Ariwo Tín-ín-rín Inú Ọkọ̀ Àlàájì Ráímì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní kí n wá jókòó kí n sọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má retí kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ mẹkáníìkì dùn. Ó ti rẹ̀ mí. Orúnkún ń ro mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, gíríìsì sì ti wọ abẹ́ èékánná mi débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wẹ̀ mí lọ sí sàréè, àfáà á bá a níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Kò kàn sẹ́ni tó sọ oògùn iṣẹ́ fún wa ni.

Làsísì ni orúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Bouaké níbí ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Sokoura. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Commerce, àdúgbò ọjà, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó. Èmi ò lè ta aṣọ. Mi ò lè máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó tú gbogbo igbá mi palẹ̀ tó tún ní òun ń bọ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí ọkọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Búráímọ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ owó, wọ́n sọ iye ọdún, wọ́n ṣe àdúà, ó parí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi.

Ẹ̀yin ò mọ Ọ̀gá Búráímọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ Ọ̀gá Búráímọ̀. Ọkùnrin gíga kan báyìí, tí kì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo gan-an ló yẹ kí ẹ máa sá fún. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á kàn wò ọ́ títí wàá fi máa wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún ọ ní igbájú? Rárá o. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lù. Wọn kì í fọwọ́ kan etí ọmọ-iṣẹ́ láéláé. Wọ́n ní sípánà tó bá sọnù, a lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n etí mẹkáníìkì tó bá bàjẹ́, kò sí lọ́jà.

Ariwo ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ ọ̀gá mọ́. Ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, gbogbo mẹkáníìkì ló lè rí ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ dáadáa ṣùgbọ́n tí nǹkan ń dún nínú rẹ̀, tí o bá sọ̀kalẹ̀ kí o wá a, tó bá dákẹ́, tí o bá wọlé, tó bá tún bẹ̀rẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ènìyàn di wèrè. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń gbé e wá. Láti Diabo, láti ọ̀nà oko gbogbo, wọ́n á béèrè pé, "Ànàgó tó ń gbọ́ ọkọ̀ dà?"

Ọ̀gá kì í kọ́kọ́ ṣí ọkọ̀. Wọ́n á fún oníbàárà ní àga lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á wá ní, "Sín in jẹ kí n gbọ́." Tí ẹ bá rí àwọn ènìyàn ńlá! Ẹni tó wọ kóòtù, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ojú á tì í. Á ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́, ariwo kan ṣáà wà níbẹ̀. Ọ̀gá á fi Faransé wọn tó rí jákujàku dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ pé ariwo wà, ọ̀gá mi. Báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀?" Títí ọkùnrin náà á fi wo ọ̀tún wo òsì, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ bí adìẹ tó fẹ́ yé. Àwa ọmọ-iṣẹ́ á dorí kodò sínú ọkọ̀ kí wọ́n má baà rí wa. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n sín jẹ jù. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ sín ariwo ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ jẹ débi pé ọ̀gá ò gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan kí wọ́n tó sọ ìdè tó tú.

Ohun tí ọ̀gá ń gbọ́ nínú ẹnu wọn ni ohùn. "Ohùn òkè, ara ni. Ohùn ìsàlẹ̀, egungun ni." Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín. Ariwo tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ tàbí tín-tín-tín, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára ọkọ̀ ló ń mì: ilẹ̀kùn, páànù tó bo páìpù èéfín, nọ́ńbà ẹ̀yìn. Ó ń yọni lẹ́nu, kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gbò-gbò-gbò, tó wálẹ̀, egungun ọkọ̀ ni, àwọn nǹkan tó di táyà mú. Ẹni tó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn lọ sílé, ì báà jẹ́ mínísítà. Ọ̀gá fi òfin yìí yangàn títí. Wọ́n ní àwa Yorùbá nìkan ló lè ṣe é, pé ẹni tí kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, tó bá fẹ́ ra ọkọ̀, ọkọ́ ni yóò rà, yóò sì máa fi í roko.

Bí a bá ti gba ohùn tán, a ó wá gbé ọkọ̀ náà jáde. Ọ̀gá á wà á, ọmọ-iṣẹ́ kan á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọ́n á pa ìdérí dé mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ ẹni tó ń dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Eruku pupa á kún imú mi, ooru á fẹ́ pa mí, orí mi á máa kan irin ní gbogbo kòtò. Ọ̀gá á dúró, wọ́n á ní, "O gbọ́ ọ?" Màá ní mo gbọ́ ọ, sà. "Níbo?" Bí mo bá sọ ibi tí kò sí, a tún di ojú ọ̀nà. Wọn kì í bínú. Wọ́n kàn máa ń tún un wà ni, títí màá fi gbọ́ ọ.

Òfin kan tún wà tí wọn kò kọ́ wa, tí gbogbo wa mọ̀. Ọmọ-iṣẹ́ kì í já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ níwájú oníbàárà. Mùdá ló fi ara rẹ̀ kọ́ wa. Mùdá ṣáájú mi ní ọdún kan, ó mọṣẹ́ jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ń sọ fún oníbàárà kan pé ẹsẹ̀ òsì ọkọ̀ rẹ̀ ló ń dún. Mùdá ní, "Rárá, ọ̀gá, ọ̀tún ni." Ọ̀tún ni lóòótọ́. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan, wọ́n tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá Mùdá, wọ́n sì fi ọdún kan kún ọdún tó kù fún un. Mùdá sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kò pẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ lọ sí Abidjan, kò sì gba ìyọ̀nda títí dòní. Àwa tó kù kẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó pa òwe èyí tí dídákẹ́ ń kó báni fún mi.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n gba ìyọ̀nda tèmi. Bàbá mi ti ra àgbò. Ìyá mi ti rán aṣọ. Sìkírá, tó di ìyàwó mi lónìí, àwọn ẹbí rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú mi pé àwọn ò ní fọmọ fún ọmọ-iṣẹ́, ọ̀gá ni àwọn ń wò. Nítorí náà, gbogbo nǹkan tí mo ní láyé wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Àsìkò yẹn ni Àlàájì Ráímì gbé ọkọ̀ wọn wá.

Àlàájì ń ta abọ́ onítáńganran ní Commerce, ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni wọ́n. Ọkọ̀ wọn ti gbó, ó dàgbà jù mí lọ nígbà yẹn, ilẹ̀kùn kan pupa, ìyókù funfun. Àlàájì jókòó lábẹ́ máńgòrò, wọ́n gbé fìlà sórí itan, wọ́n ní, "Gbò-gbò. Gbò-gbò. Bí ẹni ń gún èlùbọ́." Ọ̀gá mirí. Egungun ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, a kó gbogbo ohun tí kì í ṣe ọkọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ náà. A rí búùtà tí Àlàájì fi ń ṣe àlùwàlá lábẹ́ àga, a rí abọ́ méjì, a rí jáàkì tó ti jábọ́ kúrò níbi tí wọ́n dè é sí. Àlàájì ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Abọ́ wọ̀nyẹn ni mo ní ìyàwó mi jí." Ọjọ́ kejì, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, a sì rí gbò-gbò náà. Rọ́bà tó wà níbi tí apá irin ti so mọ́ ara ọkọ̀, lẹ́sẹ̀ òsì níwájú, ti jẹ tán. A fi tuntun sí i.

Ọjọ́ kẹta, a gbé e jáde fún ìdánwò ìkẹyìn. Ọ̀gá ń wa ọkọ̀, Àlàájì jókòó tì wọ́n níwájú, èmi wà lórí àga ẹ̀yìn bí ọlọ́lá, nítorí pé iṣẹ́ ti parí. A gba ọ̀nà Diabo lọ díẹ̀, a kó sí gbogbo kòtò tó wà níbẹ̀. Gbò-gbò ti kú. Àlàájì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣàdúà fún ọ̀gá. Ọ̀gá wá yí ọkọ̀ sí òsì kí a padà sílé.

Mo gbọ́ tín.

Mo tún gbọ́ ọ: tín-tín. Láti ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú. Ó tín-ín-rín, bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ife tíì. Bí ọkọ̀ ṣe tọ́, ó dákẹ́. Mo wo ẹ̀yìn orí ọ̀gá, mo ń dúró kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Orí ọ̀gá ò mì. Ìgbà yẹn ni ó yé mi: ọ̀gá ò gbọ́ ọ. Àwọn ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan tí mi ò kà sí. Aago ọwọ́ wọn tó ń ké lákòókò ìrun, wọ́n á jẹ́ kó máa ké títí. Tí ìyàwó wọn bá fi ohùn wẹ́wẹ́ pè wọ́n láti inú ilé, wọn kì í dáhùn. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi òòlù lu irin? Ohùn tó nípọn ṣì ń dé etí wọn. Èyí tó tín-ín-rín ti lọ.

Ọ̀gá gbójú sókè sí dígí tó ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Làsísì, ṣé ó ku nǹkan?"

Àlàájì náà yí ọrùn padà wò mí.

Mo rántí Mùdá. Mo rántí àgbò tí bàbá mi so mọ́lẹ̀. Mo rántí Sìkírá. Mo sì tún rántí òfin ọ̀gá fúnra wọn, mo fi ṣe ìrọ̀rí: ohùn òkè ni, ara ni, kì í pa ènìyàn. Mo ní nínú ọkàn mi pé tí a bá délé, tí ẹnikẹ́ni ò bá sí nítòsí, màá rọra tú ẹsẹ̀ ọ̀tún wò.

Mo ní, "Kò ku nǹkan kan, ọ̀gá."

A dé gàráàjì, mo sọ̀kalẹ̀. Àlàájì ní kí ọ̀gá má tíì sọ̀kalẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti dáa, kí àwọn jọ dé Diabo lọ wo iṣu tuntun. Ọ̀gá ní kò burú. Wọ́n yí sí òsì láti bọ́ sójú títì, mo sì gbọ́ ọ láti orí ilẹ̀ tí mo dúró sí, tín-tín-tín. Mo nawọ́ sókè. Ọ̀gá rò pé mò ń dágbére ni. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn náà jáde láti ojú fèrèsé, wọ́n sì lọ.

Ìrun alásàrí kò tíì tó tí awakọ̀ kan fi sáré wọ gàráàjì. Níbi tí ọ̀nà Diabo ti ṣẹ́ kọ́rọ́ sí òsì, táyà ọ̀tún iwájú ká sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ti rí ọ̀nà jáde, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àlàájì ló há sábẹ́. Ọ̀gá ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin láti fa Àlàájì yọ, wọ́n sì fà wọ́n yọ lóòótọ́, eegun èjìká Àlàájì nìkan ló ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yọ̀, ó jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà gbìyànjú ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gé e ní ọrùn ọwọ́.

Mo lọ wo ọkọ̀ náà. Ohun tó kán ni orúnkún ọkọ̀, irin olórí roboto tí táyà fi ń yí, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní rọtíúlù. Ibi tó ti kán, ìdajì rẹ̀ dúdú, ó ti dógùn-ún, ó ti là tipẹ́. Ìdajì tó kù ń dán, òun ló já lọ́jọ́ náà. Ojú ibi tó là yẹn ló ń ké tín-tín bí ẹrù ọkọ̀ bá ti fi ara tì í. Egungun ni, ohùn ara ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo mú un lọ́wọ́, mo jókòó sí etí ọ̀nà.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Nígbà tí ọ̀gá kúrò ní ọsibítù, àwọn àgbà wá kí wọn lágboolé. Ẹnì kan ní àyànmọ́ ni. Ọ̀gá ní rárá o, wọn ò fẹ́ kí wọ́n ti èyí sí Ọlọ́run lọ́rùn. "Èmi ni mo yẹ ọkọ̀ náà wò. Etí mi ni kò gbọ́." Mo dúró níbẹ̀. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń wo ilẹ̀. Èmi kan ṣoṣo ló mọ̀ pé etí kan gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn.

Ọjọ́ ìyọ̀nda mi pé, wọn ò sún un síwájú. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀gá fi ń súre fún ọmọ-iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn ò lè fi òsì súre fún ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n gbé apá tí wọ́n gé, tó ṣì wà nínú báńdéèjì, wọ́n gbé e lé mi lórí. Gbogbo èèyàn ń sunkún, wọ́n rò pé ìdùnnú ló ń pa èmi náà lẹ́kún. Lẹ́yìn àdúà, ọ̀gá kó kọ́kọ́rọ́ gàráàjì fún mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tí etí rẹ̀ dà bí tèmi.

Mo fẹ́ Sìkírá. Mo bímọ. Mo di Ọ̀gá Làsísì. Ọ̀gá Búráímọ̀ jókòó sílé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, báwo ni ènìyàn á ṣe fi í bọ èèyàn lọ́wọ́, fi í jẹun láwùjọ, fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ọ̀gá ò lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́, wọn ò lọ síbi nìkáà. Wọ́n ń lọ mọ́sálásí, wọ́n ń padà sílé.

Mo fi ọjọ́ ayé mi tó kù tún ọkọ̀ ṣe. Mo rí ìgbà tí ìlú dàrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sá padà sílé, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan péré ni mo ń rí tún ṣe lóṣù. Mo rí ìgbà tí àlàáfíà dé tí ọkọ̀ kún ojú títì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ wa kò ju sípánà, òòlù, jáàkì àti etí lọ. Ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà nínú wá dé, ọmọ mi Kàmálù sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lábẹ́ ibi ìdarí, tó ń kọ àìsàn ọkọ̀ sójú dígí. Ẹ̀rọ náà dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí obìnrin kan gbé ọkọ̀ tó ń ṣe wọ̀ṣọ̀wọ̀ṣọ̀ wá, Kàmálù ki ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó ní, "Pàpá, yà riẹ̀n." Ó ní kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà ní, "Ṣé etí mi ló wá ń dún?" Mo fetí sí i, ẹ̀pà ló ti dà sínú ihò ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ẹ̀pà.

Mo ní òfin kan tí wọ́n fi ń bú mi ní Sokoura. Ní gàráàjì tèmi, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ jáde àyàfi tí ọmọ-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sọ ohun tó gbọ́, kí oníbàárà wà níbẹ̀ o, kó má wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá dákẹ́ ni mò ń nà. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ mi ní mo ń ba ọmọ jẹ́, pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ò mọ àgbà. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ta ni màá ṣàlàyé fún?

Lọ́dún tó kọjá, mo wà nílé, Sìkírá jáde láti inú yàrá. Ó ní, "Bàbá Kàmálù, ẹ ò gbọ́ fóònù yín ni?"

Mo ní, "Fóònù wo?"

Ó mú un, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Sìkírá wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ rí dókítà." Mo ní nǹkan kan ò ṣe etí mi, ariwo ìta ló pọ̀.

Ẹ wo bí ènìyàn ṣe rí. Èmi tí mo mọ ohun tí irú irọ́ yẹn ṣe! Mo fi oṣù mẹ́jọ pa á mọ́. Kàmálù á ní, "Pàpá, ẹ gbọ́ ìyẹn?" Màá ní, "Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́." Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú àwọn tó bá gbọ́ ni mò ń wò. Nínú ọkọ̀, nínú dígí tó ń wo ẹ̀yìn, mò ń ṣọ́ ojú Kàmálù. Tí ariwo bá dé, ojú rẹ̀ á fún pọ̀ díẹ̀, màá sì yára mi orí bí ẹni tó gbọ́. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀, mo wà lẹ́nu dígí yẹn, mo rí ojú Kàmálù tó fún pọ̀, mo sì rántí ọjọ́ ọkọ̀ Àlàájì Ráímì. Mo dá ọkọ̀ dúró. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé etí mi ti lọ, kó máa bá iṣẹ́ lọ, èmi ti ṣíwọ́. Ó ní, "Pàpá, a ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló gba ọkàn mi.

Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo Jímọ̀ ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀gá lẹ́yìn ìrun: iṣu, ẹran, epo, ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá tó. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Ọ̀gá ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, orí wọn funfun. Tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ó ní láti lọgun.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, lọ́jọ́ ọkọ̀ Àlàájì Ráímì, mo gbọ́ nǹkan."

Ọ̀gá ní, "O ní kín ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ fún ogójì ọdún àti díẹ̀, ọjọ́ tí òtítọ́ wá máa bá a, igbe ni mo ní láti fi ké e. Mo ké e. "Mo ní mo gbọ́ ariwo! Lẹ́sẹ̀ ọ̀tún! Ẹ bi mí, mo ní kò sí! Mo gbọ́ ọ, ọ̀gá!"

Àwọn obìnrin tó ń fọ abọ́ lágboolé yíjú sí wa. Ọmọ kan jáde wá wò wá. Ọ̀gá wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wò wá látijọ́.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè wò wọ́n.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Làsísì. Mo rí ọ nínú dígí. O dijú pọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìdí tí mo fi bi ọ́ nìyẹn. Ìgbà wo ni mo ti ń bi ọmọ-iṣẹ́ ní ìbéèrè níwájú oníbàárà?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì gbé e lọ sí Diabo?"

"O ní kò ku nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lo sọ. Tí mo bá ní kí o sọ òótọ́, Ráímì á mọ̀ pé mi ò gbọ́ràn mọ́. Gbogbo Commerce á gbọ́ ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́." Ojú wọn lọ sórí apẹ̀rẹ̀ tí mo gbé síwájú wọn. "Oúnjẹ tí ò ń gbé wá láti ọjọ́ yìí, mo mọ ohun tí o fi ń san. Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé kó tó gẹ́ẹ́. Ó wù mí kí ẹnì kan bá mi jẹ̀bi. Mo ń jẹ ẹ́. Dárí jì mí."

Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo sunkún, pé mo dì mọ́ wọn. Rárá o. Inú bí mi. Èmi tí mo wá tọrọ àforíjì, èmi náà ni inú ń bí. Mo rántí gbogbo àárọ̀ tí mo jí pẹ̀lú ẹrù yẹn láyà, gbogbo ìgbà tí wọ́n yìn mí ní etí dáadáa tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì, tí ọkùnrin yìí sì jókòó síbí tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, ìbínú náà kúrò. Ó ti rẹ̀ mí jù fún un. Mo ní, "Ọlọ́run á dárí ji àwa méjèèjì, ọ̀gá." Mo ní láti lọgun ìyẹn náà.

Mo dìde, mo ní ó dìgbà. Ọ̀gá ní, "Wá ní Jímọ̀. Má gbé nǹkan kan dání."

Mo lọ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo sì ń lọ títí di ìsinsìnyí. Mi ò gbé nǹkan kan dání. A máa ń jókòó ni, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ ẹnì kejì dáadáa nínú wa mọ́. Mi ò tíì mọ ibi tí n ó máa kó ọwọ́ mi tó ṣófo yìí sí.